Àpótí Àwo Màmá: Bí A Ṣe Gbé Orin Fíìmù Hollywood Àtijọ́ Wọ Kọ̀ǹpútà

Ohun tó wà nílẹ̀

Inú páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn àwo náà wà. Màmá tó ni wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 1961 ni wọ́n wọ London láti wá kọ́ṣẹ́, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé àti owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, àwo ni wọ́n fi ń rà. Fíìmù olórin ti Hollywood ni wọ́n yàn láàyò. South Pacific ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní sinimá Dominion, Tottenham Court Road, nígbà tí wọ́n dé. Ó ti wà níbẹ̀ láti 1958, ó sì di 1962 kí wọ́n tó gbé e kúrò. Wọ́n ní àwọn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń kọ́ nọ́ọ̀sì máa ń lọ wò ó bí ẹni ń lọ sí ìsọjí.

Gramafóònù wọn ti kú tipẹ́. Ọmọ wọn wá orin kan náà fún wọn lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dùn, ṣùgbọ́n àwo mi ni mo fẹ́." Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀rọ ohùn ni iṣẹ́ mi: ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì, sípíkà tó ya, wáyà tó ń kùn. Àdéhùn wa ni pé kí n gbé àwo kọ̀ọ̀kan wọ kọ̀ǹpútà, ojú méjèèjì, kí n sì kó gbogbo rẹ̀ sórí flash tí rédíò ilé ìdáná wọn lè kà.

LP ńlá mẹ́rin (àwo tó ń yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan) ló jẹ mọ́ fíìmù nínú páálí náà: South Pacific (1958), Porgy and Bess (1959), West Side Story (1961) àti The Sound of Music (1965). LP kékeré oníńṣì mẹ́wàá kan wà níbẹ̀, Show Boat ti 1951. Èyí tó mú mi wá ìjókòó ni àpò páálí kan tí àwo 78 mẹ́rin (àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) wà nínú rẹ̀, Till the Clouds Roll By. Ọ̀rẹ́ wọn kan, ọmọ Jamaica, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà, tó ní ẹ̀gbọ́n ní New York, ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ìparí 1946 ni fíìmù náà jáde, àwo rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1947.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ó yẹ kí á mọ ohun tó wà lórí àwo wọ̀nyí ná. Ní Hollywood ìgbà yẹn, òṣèré kì í sábà kọrin lójú kámẹ́rà. Wọ́n á kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀ ní yàrá ohùn, pẹ̀lú àwọn onífèrè àti onífayolíìnì tí ilé-iṣẹ́ fíìmù ń san owó oṣù fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán, wọ́n á gbé orin náà sí i, òṣèré á máa jó, á sì máa mi ètè tẹ̀ lé e. Orin ti wà nílẹ̀, nígbà náà, kí àwòrán tó wà. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan ronú pé a lè tẹ orin yẹn gan-an sórí àwo, ká sì tà á.

Disney ló kọ́kọ́ rí i ṣe, pẹ̀lú Snow White, tí ilé-iṣẹ́ Victor tẹ̀ sórí àwo mẹ́ta ní 1938. Fíìmù tí a fọwọ́ yà nìyẹn o. Ti ènìyàn gidi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. The Wizard of Oz jáde ní 1939, ṣùgbọ́n àwo tí Decca tà ní 1940 kì í ṣe ohùn inú fíìmù: Judy Garland lọ tún un kọ fún Decca ni, àwọn akọrin Ken Darby sì bá a gbè é. Ohùn inú fíìmù gangan kò dé orí àwo títí di 1956, ọdún tí CBS kọ́kọ́ fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. MGM ní tirẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo sílẹ̀ ní 1946, Till the Clouds Roll By tó wà lọ́wọ́ Màmá yìí ni wọ́n sì fi ṣí ọjà orin inú fíìmù wọn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ lile gbé.

Ìfọ̀

Àwo 78 àti LP kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ike ni LP. Ṣẹ́láàkì ni 78 ayé ìjọ́un, oje tí kòkòrò kan ń tú sára igi ní Íńdíà, tí wọ́n wá po lẹ́búlẹ́bú òkúta mọ́ kó lè le. Sìpírítì máa ń yọ́ ṣẹ́láàkì. Ẹni tó fi sìpírítì díẹ̀ nu LP lè mú un jẹ. Bó bá fi nu 78, poro, ìlà tín-ín-rín tí orin wà nínú rẹ̀, á yọ́, orin á sì bá a lọ. Gbogbo ìgò tí wọ́n ń tà fún ìfọ̀ àwo, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dà á.

Èmi ò lo ìgò kankan. Omi distilled ni mo rà, irú èyí tí à ń dà sí bátìrì mọ́tò, mo kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i díẹ̀. Mo gé ike róbótó fi bo lébẹ́ẹ̀lì àárín kí omi má bà á jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́, ọ̀nà tí poro gbà ni ọwọ́ mi náà ń gbà, mi ò dá poro lábùú. Lẹ́yìn náà ni omi distilled lásán, lẹ́yìn náà aṣọ tí kì í yọ òwú, kí n tó gbé e dúró lórí àgbékọ́ abọ́ níbi tí oòrùn kò dé.

Omi tó jáde lára Porgy and Bess dúdú kirikiri. Mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni, Màmá ló wò ó tí wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èéfín kẹrosíìnì nìyẹn. Sítóòfù kẹrosíìnì la fi ń yá yàrá nígbà yẹn. Bó o bá fọ ẹ̀dọ̀fóró mi, bó ṣe máa dúdú náà nìyẹn."

Abẹ́rẹ́

Bí ẹ bá lè rí owó ná sórí ohun kan ṣoṣo, ẹ ná an sórí abẹ́rẹ́. Poro 78 fẹ̀ gan-an. Abẹ́rẹ́ tó bá a mu, rédíọ́ọ̀sì ṣóńṣó rẹ̀ máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) 65 sí 76. Ti LP mónò, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ kan ṣoṣo, jẹ́ 25, ti sítẹ́rìó, tí ohùn ọ̀tún àti òsì rẹ̀ yàtọ̀, jẹ́ nǹkan bí 18. Ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ LP lé 78, abẹ́rẹ́ náà á jábọ́ sí ìsàlẹ̀ poro lọ́hùn-ún, níbi tí eruku àti ìyẹ̀pẹ̀ gbogbo kó jọ sí, ohun tí yóò sì máa kà fún yín nìyẹn. Ara ògiri poro ni orin wà.

Turntable mi, ẹ̀rọ tí ń yí àwo, ń yí ní 33, 45 àti 78, nítorí náà abẹ́rẹ́ nìkan ni mo ní láti rà. Ọ̀kan fún 78, ọ̀kan fún LP. Mo fi òṣùwọ̀n kékeré wọn ìwúwo apá rẹ̀ bí ẹni tó ṣe é ṣe wí.

Ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lórí àwo mónò, ọ̀tún sí òsì nìkan ni poro ń mi. Kò sí orin kankan nínú lílọ sókè sódò. Àmọ́ eruku àti ìfárá, òkè ni wọ́n sábà máa ń ti abẹ́rẹ́ sí. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ sítẹ́rìó tàbí ẹ̀rọ sítẹ́rìó ká àwo mónò, tí a wá da ohùn ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì pọ̀ dọ̀kan, èyí tó ń lọ ọ̀tún-òsì á fún ara rẹ̀ lágbára, èyí tó ń lọ sókè-sódò á pa ara rẹ̀ run. Mo ṣe é fún Show Boat nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún ohùn ṣe: ariwo ṣàṣàṣà tó wà lẹ́yìn fèrè lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, mi ò tíì fọwọ́ kan ohun èlò ìnu-ariwo kankan.

Ìkìlọ̀ lórí èyí: láàárín 1960 sí 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo máa ń mú orin mónò àtijọ́, wọ́n á pín ohùn òkè sí apá kan, ohùn ìsàlẹ̀ sí apá kejì, wọ́n á sì kọ sítẹ́rìó sára èèpo rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn wọn rárá. Ohùn wọn dà bí ẹni pé inú báfà ni olórin wà. Àwo mónò gidi ni Màmá rà, a dúpẹ́.

Ihò tí kò sí láàárín

Nínú àwo 78 mẹ́rin náà, èyí tí Lena Horne, olórin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kọ "Can't Help Lovin' Dat Man" sí ló yọ mí lẹ́nu. Bí mo ṣe gbé e sí i, ohùn fayolíìnì ń lọ, ó ń bọ̀, wuuu-ùùù, wuuu-ùùù, ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀ bí àwo ti ń yí. Kì í ṣe mọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo apá turntable láti ẹ̀gbẹ́: ó ń fì sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú gbogbo yíyí kan. Ibi tí wọ́n lu ihò àwo sí nílé iṣẹ́ kọ́ ni àárín gidi. Bí ihò bá yẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan péré, etí á gbọ́ ọ, pàápàá lórí ohùn tó bá fa gùn.

Kọ̀ǹpútà lè tún irú rẹ̀ ṣe, àmọ́ ọgbọ́n àtijọ́ dára jù ú lọ: ẹ fẹ ihò náà díẹ̀ kí àwo lè rìn lórí ìdí rẹ̀, kí ẹ wá máa fi ìka sún un títí apá yóò fi dẹ́kun fífì. Ohun ẹlòmíràn ni, mi ò lè dá a ṣe.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbẹ́ ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀?"

"Ṣé kò ní fọ́?"

"Kò ní fọ́, Màmá, bí mo bá rọra."

"Bó bá fọ́, ìwọ lo máa kọ orin náà fún mi o."

Fáìlì róbótó tín-ín-rín ni mo lò, mo ń yí i pẹ̀lú ọwọ́, mo ń fẹ́ ẹ̀kúnná rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà mo gbé àwo lé e, mo wo apá, mo sún un, mo tún wò ó. Nígbà tí apá náà dúró ṣinṣin, àwọn fayolíìnì bọ́ sójú kan náà. Kò fọ́.

Iyára

78 kì í ṣe 78 gan-an. Níbi tí iná ti ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá, bíi Amẹ́ríkà, mọ́tò ń fún wọn ní 78.26, ní Britain tí iná wọn jẹ́ 50, ó jẹ́ 77.92. Etí ò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo tò ó sí ti Amẹ́ríkà nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yẹ èèyàn ni ibòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwo yín wà lóhùn, ó máa wù yín láti fi fíìmù wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi DVD tí wọ́n ṣe fún Britain tàbí Europe wọ̀n ọ́n. Fíìmù ń rìn ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ètò tẹlifíṣọ̀n PAL ń rìn ní 25, wọ́n á sì kàn mú fíìmù sáré sí i kó lè bá a mu. Gbogbo ohùn á fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yá sí i, á sì ga sí i, kò pé kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan, ṣùgbọ́n ó jù ìdajì rẹ̀ lọ. Àwo yín á wá dà bí èyí tó ń wọ́, nígbà tó jẹ́ pé DVD ló ń sáré. Blu-ray tó ń rìn ní 24 ni mo fi ṣe òdiwọ̀n.

Julie méjì

Nínú páálí kan náà, orin kan náà, "Can't Help Lovin' Dat Man", wà lórí àwo méjì, ẹ̀ka-ìtàn kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín fíìmù méjèèjì. Mo jókòó ti èyí pẹ́ ju bí iṣẹ́ náà ṣe gbà lọ.

Till the Clouds Roll By jẹ́ ìtàn ayé Jerome Kern, ẹni tó kọ orin Show Boat. Nítorí náà wọ́n fi ìsọ̀nísókí Show Boat sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Lena Horne sì ṣe Julie. Julie nínú ìtàn yìí jẹ́ obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú lára, tí àwọn ará ibẹ̀ rò pé òyìnbó ni, tó sì fẹ́ ọkùnrin òyìnbó. Òfin ìpínlẹ̀ Mississippi kò gbà á. Ìgbà tí MGM fẹ́ wá ṣe odindi Show Boat ní 1951, ẹni tó ti kọ orin yìí fún wọn lójú gbogbo ayé wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ ṣe é. Òfin ìwà tó de àwọn onífíìmù Hollywood nígbà náà sì kọ̀ kí fíìmù fi ìfẹ́ hàn láàárín dúdú àti funfun. Ava Gardner ni wọ́n gbé Julie fún, òyìnbó pọ́nbélé tí wọ́n fi ìkunra kùn.

Ó kù díẹ̀. Ava Gardner kọ orin náà fúnra rẹ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ohùn Annette Warren ni wọ́n fi bo tirẹ̀. Ètè Ava ló ń mì, Annette ló ń kọ. Lórí àwo tí wọ́n tà, ohùn Ava ni wọ́n lò. Nítorí náà, LP tó wà lọ́wọ́ Màmá yìí, tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé láti inú fíìmù ló ti wá, ohùn tó wà lórí rẹ̀ fún Julie kò sí nínú fíìmù.

Mo gbé méjèèjì wọ kọ̀ǹpútà, mo tò wọ́n tẹ̀ léra, mo fi hẹ́dífóònù gbọ́ wọn. Ti Lena Horne tò, ó dán, gbogbo ọ̀rọ̀ ló parí síbi tó fẹ́ kó parí sí. Ti Ava rẹlẹ̀, mímí rẹ̀ wà lára orin, ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìgbẹ̀yìn ìlà a sì máa rọ̀ díẹ̀. Mi ò gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn bò ó. Mi ò sì gbà pé òun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èrò méjèèjì lè jọ gbé inú ènìyàn kan.

Mo lu méjèèjì fún Màmá láìsọ orúkọ. Ti Lena ni wọ́n yàn. "Ẹni yìí mọ ohun tó ń sọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n tún un lù.

Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè

Ohùn ìsàlẹ̀ ń mú poro fì jìnnà. Bí wọ́n bá gé e bó ṣe rí, poro kan á já wọ èkejì. Nítorí náà wọ́n máa ń dín ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á sì fi kún òkè, nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo. Ẹ̀rọ inú ilé á wá yí i padà. Láti 1954 ni RIAA, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo Amẹ́ríkà, ti di òdiwọ̀n tí gbogbo wọn ń bọ̀ sí lábẹ́. Kí ó tó dìgbà náà, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Àwọn LP ńlá mẹ́rin kò ní wàhálà. Show Boat àti àwọn 78 ni mo ní láti yọ kúrò lábẹ́ RIAA kí n sì tún ohùn wọn tò lọ́tọ̀. William Warfield tó kọ "Ol' Man River" ni mo fi ṣe atọ́nà: ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì mọ́ kedere, bí ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, á di ẹni tó ń kọrin nínú kànga, bó bá kéré jù, àyà rẹ̀ á pòórá.

Ibi tí ọwọ́ yìí ti wúlò jù ni lára àwọn ohun èlò orin. Conrad Salinger ló to ti Show Boat, Adolph Deutsch ló darí wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé orin wọn burú: nǹkan bí 1969, nígbà tí àwọn ọ̀gá tuntun gba MGM, wọ́n kó ilé ìkówèé orin ilé-iṣẹ́ náà dà sí ààtàn, ìwé tí gbogbo onífèrè àti onífayolíìnì fi ṣeré. Àkópọ̀ kúkúrú tí wọ́n ṣe fún dùùrù ló ṣẹ́ kù fún púpọ̀ nínú wọn. John Wilson, adarí orin ọmọ Britain, ló jókòó ti fíìmù wọ̀nyí ọdún púpọ̀, tó ń fi etí gbọ́ ohun tí fèrè kẹta ń ṣe, tó sì ń kọ ọ́ padà. Ní 2009 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lù wọ́n níbi àjọ̀dún orin BBC Proms ní Royal Albert Hall. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwo mónò oníńṣì mẹ́wàá ṣe ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ á mọ irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe.

Nínu ariwo

Mi ò pẹ́ níbí. Àwọn tá-tá ńlá, mo fi ọwọ́ yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú spectrogram, àwòrán ohùn lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń hàn bí ìlà òòró. Àwọn kéékèèké, mo fi Click Removal, ohun èlò Audacity tí ń yọ tá-tá, gbọn wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Noise Reduction, èyí tí ń dín ariwo kù, ìwọ̀nba bíńtín lórí 78 nìkan. Bí ẹ bá fà á jù, símbálì á di omi tó ń hó, èémí olórin á lọ, yàrá tí wọ́n wà á sì parẹ́. Kí ariwo díẹ̀ wà sàn ju kí olórin kú lọ.

The Sound of Music ló kù lẹ́yìn: ó tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń jó sókè. Mo ti fi í sáàárín gíláàsì méjì pẹ̀lú ìwé wúwo lórí, mi ò ní fi iná kàn án.

Orúkọ ta ni kí n kọ?

Ibi tí mo rò pé ó rọrùn jù ló gba àkókò jù: kíkọ orúkọ sára fáìlì. Èèpo àwo kì í sọ gbogbo òtítọ́, ìwé àdéhùn ló sábà ń pinnu ẹni tí à ń gbọ́.

Ẹ wo South Pacific. Àwo yìí ló wà ní ipò kìíní ní Britain fún ọ̀sẹ̀ 70 láìsọ̀kalẹ̀, láti 1958 wọ 1960. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè wọ ṣọ́ọ̀bù charity kan ní London kí ẹ má bá ọ̀kan. Rossano Brazzi lẹ ó rí nínú àwòrán, Giorgio Tozzi ló ń kọ. John Kerr ń mi ètè, Bill Lee ló yá a lóhùn. Èyí tó dùn mí ni ti Bloody Mary, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Juanita Hall ló ṣe é ní Broadway, ó gba ẹ̀bùn Tony lórí rẹ̀ ní 1950, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Wọ́n mú un wọ fíìmù, wọ́n wá fi ohùn Muriel Smith bo tirẹ̀, obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, tó ṣe ipò náà ní London níbí ní Drury Lane. Mitzi Gaynor ní tirẹ̀ kọ orin rẹ̀ fúnra rẹ̀.

West Side Story: Natalie Wood lójú, Marni Nixon lóhùn, Richard Beymer lójú, Jim Bryant lóhùn. Àwo yìí wà lókè àtẹ Billboard fún ọ̀sẹ̀ 54, orúkọ Nixon ò sì sí lára rẹ̀. Leonard Bernstein, ẹni tó kọ orin náà, ló gé díẹ̀ nínú owó tirẹ̀ fún un, ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré létí, àmọ́ lórí àwo tó tà tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe owó tí èèyàn ń kọ̀.

Porgy and Bess: Robert McFerrin ló kọrin fún Sidney Poitier, Adele Addison fún Dorothy Dandridge. Sammy Davis Jr. kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú fíìmù, ṣùgbọ́n Decca ló ni ìwé àdéhùn rẹ̀, Columbia ló sì ń ṣe àwo. Wọ́n bá pe Cab Calloway kó wá kọ orin Sportin' Life, ẹ̀dá-ìtàn tí Sammy Davis ṣe, lórí àwo. Màmá ò mọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń gbọ́ Cab Calloway tí wọ́n rò pé Sammy Davis ni. Wọ́n ní kí n má yọ ọ́ o, ó ti di Sammy Davis tiwọn.

Nítorí náà, gbogbo fáìlì ní orúkọ méjì: ẹni tí a rí àti ẹni tí a gbọ́. Àmọ́ Julie ti Show Boat, orúkọ Ava Gardner nìkan ni mo fi sí i, nítorí lórí àwo, òun ni.

Flash

Ẹ̀dà ńlá, 24-bit ní 96 kHz, wà lórí díìsìkì méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ Màmá. Rédíò ilé ìdáná ò lè ka FLAC, irú fáìlì tí mo fi ẹ̀dà ńlá pamọ́ sí, MP3 ni mo ṣe fún un. Ojú rẹ̀ kéré, lẹ́tà díẹ̀ ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń gé ìyókù dànù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, "Rossano Brazzi" ló kún ojú rédíò, Tozzi ò ráàyè. Mo yí gbogbo rẹ̀ padà: orúkọ ẹni tó ń kọrin ló ṣáájú báyìí, òṣèré lẹ́yìn, bí ojú rédíò bá gbà á.